Ilé Tó Kọ̀ Tí Kò Gbóná

Ní ọjọ́ tí Clifford Sagar kọ́kọ́ rí Hilary Lumb, ẹsẹ̀ obìnrin náà méjèèjì wà nínú ààrò.

Ojú fèrèsé ilé ìdáná ló ti rí i. Ó ti kan ilẹ̀kùn iwájú títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ló bá gba inú òjò yí sí ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin náà jókòó sórí àga onígi. Ó ṣí ilẹ̀kùn ààrò gáàsì kalẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn sẹ́nu rẹ̀, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ rán bàtà abẹ́lé kan tó gbé lé itan. Kóòtù wà lọ́rùn rẹ̀. Fìlà òwú wà lórí rẹ̀. Ó ti gé orí ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kúrò kí ọwọ́ lè ráyè di abẹ́rẹ́ mú. Bó ṣe ń mí ni èémí rẹ̀ ń rú bí èéfín. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ nínú oṣù kọkànlá ni, inú ilé ló sì wà.

Clifford dúró díẹ̀ kó tó kan gíláàsì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe ní ìlú Bacup àti gbogbo àfonífojì wa, ó sì ti rí ilé tútù tí kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án tí Jean aya rẹ̀ ti kú, kò tíì sí obìnrin tó wò títí tó fi gbàgbé iṣẹ́ tó bá wá.

"Ẹ̀yin ni ẹni ìkẹfà," ni obìnrin náà wí nígbà tó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹni ìkẹfà báwo?"

"Ẹni ìkẹfà tó máa wo bọ́ílà yẹn, tó máa mi orí, tó máa mu tíì mi, tó sì máa sọ fún mi pé ó ti dáa. Ẹ wọlé. Ẹ má bọ́ kóòtù yín o. Ẹni kẹta bọ́ tiẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń sín."

"Mi ò ní bọ́ ọ."

"Tíì ńkọ́?"

"Ìyẹn ni mi ò ní kọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tó ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ojú rẹ̀ funfun nítorí òtútù, ṣùgbọ́n ojú náà dúró ṣinṣin, kò sá fún ojú ẹni.

Clifford kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ kó tó gbọ́rọ̀ ilé. Ó jókòó, ó di ife tíì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní kí ó máa sọ. Hilary sọ ọ́. Ẹnì kan ti pààrọ̀ póńpù tó ń ti omi gbígbóná yí ilé ká. Òmíràn tún pààrọ̀ póńpù náà. Ẹnì kan ní bọ́ílà tó ń mú omi náà gbóná ló ti gbó, ó gbé tuntun wá. Ẹnì kan fi omi oògùn sínú páìpù. Ẹnì kan ní ilé òkúta bí èyí kò lè gbóná láéláé, kó lọ ra aṣọ òtútù. Lọ́dọọdún, àwọn rédíétọ̀ ara ògiri tí omi náà ń gbà kọjá á gbóná ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á sì kú. Èyí tó wà nínú yàrá ìyá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú.

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Ó lọ ní oṣù kejì tó kọjá. Àyà ló ń ṣe é. Ìgbà òtútù kọ̀ọ̀kan ló ń bù nínú èémí rẹ̀ lọ, títí kò fi ku nǹkan kan."

Clifford wolẹ̀. Ó béèrè ohun tí ẹni márùn-ún ìṣáájú kò béèrè. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń tú afẹ́fẹ́ inú rédíétọ̀ sílẹ̀?"

"Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sunday."

"Láti ìgbà wo?"

"Mo bá ìyá mi lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí mo padà wálé láti Rochdale. Ọdún kẹtàdínlógún rèé."

Clifford gbé ife sílẹ̀. Ilé tó bá dára, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ènìyàn ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ó tọrọ ife funfun kan, ó lọ kúnlẹ̀ nídìí rédíétọ̀ yàrá àlejò, ó tú ìdè kan díẹ̀, omi sì ṣàn sínú ife náà dúdú bí yíǹkì. Ó mú irin òòfà kan jáde látinú àpò, ó tì í bọ inú omi náà. Ẹrẹ̀ dúdú náà dìde, ó sì lẹ̀ mọ́ irin bí irun ológbò.

"Kí nìyẹn?" ni Hilary béèrè látẹ̀yìn rẹ̀.

"Àwọn rédíétọ̀ yín ni. Wọ́n ń jẹra láti inú. Ọ̀nà kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì wá a. Wọ́n ń wo àìsàn, wọn ò wo ohun tó fà á."

"Ẹ̀yin máa wá a?"

"Tí ẹ bá gbà kí n máa wá ní Sátidé. Ọjọ́ ìsinmi mi ni, ẹnikẹ́ni ò ní máa fi iṣẹ́ míràn pè mí."

Báyìí ló ṣe di pé Clifford Sagar ń wá ilé Hilary Lumb ní Sátidé.

Ní Sátidé kejì ó ní òun máa gun àjà. Ó tọrọ ife gíláàsì tí omi kún.

"Ẹ fẹ́ lọ mu omi lórí àjà ni?"

"Kì í ṣe èmi. Páìpù ló fẹ́ mu."

Hilary tẹ̀ lé e gun àkàbà, ó di tọ́ọ̀ṣì mú. Òjò ń lu àwo òkúta orí òrùlé. Lókè àjà, wọ́n bá táńkì omi kékeré kan, àti páìpù kan tó tẹ ọrùn wálẹ̀ sí i bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Iṣẹ́ páìpù náà kò ju kó máa tú ooru sílẹ̀ nígbà tí ilé bá gbóná jù. Clifford gbé ife sábẹ́ rẹ̀ títí ẹnu páìpù fi rì sínú omi. Ó ti ṣètò aago bọ́ílà kó tàn ní aago mọ́kànlá. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n kúnlẹ̀ lórí igi àjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń dúró.

"Irun yín ti di funfun," ni Hilary wí.

"Ó ti pẹ́."

"Eruku ni mò ń sọ."

Ó na ọwọ́, ó gbọn eruku náà kúrò lórí rẹ̀, bí ẹni tó ń gbọn eruku kúrò lára àga ilé rẹ̀. Clifford kò mira. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án ní orí.

Nísàlẹ̀, póńpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Omi inú ife mì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sókè, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ife fi gbẹ, tí páìpù sì gbin bí ẹni tó sùn tó ń hanrun.

"Ó mu ún tán," Hilary sọ wẹ́lẹ́.

"Ó mu ún tán. Ìta ló yẹ kó máa mí sí, inú ló ń mí sí. Gbogbo ìgbà tí póńpù bá ń ṣiṣẹ́ ló ń fa afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ àti omi ń jẹ irin, irin náà di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ dí ọ̀nà. Kò sí ohun tó ṣe bọ́ílà yín. Kò sí ohun tó ṣe póńpù tí wọ́n ń pààrọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí ló so páìpù síbi tí kò yẹ."

"Níbo?"

"Èyí tí mo fẹ́ wá nìyẹn."

Bí a bá ní ká sọ òtítọ́, ọ̀sán kan ṣoṣo tó láti wá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Clifford fi wá a. Ní Sátidé kan ó fọ ẹrẹ̀ inú rédíétọ̀ méjì. Ní òmíràn ó tún ọwọ́ ilẹ̀kùn tí kò ní kó tún ṣe. Ó gbé ẹ̀rọ ooru kékeré kan wá fún un kó máa gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀, ó sì ní kí ó ti ilẹ̀kùn ààrò pa, pé gáàsì ń pa ènìyàn. Hilary náà bẹ̀rẹ̀ sí í se páì pòtétò sílẹ̀ dè é, pẹ̀lú kábéèjì pupa tó fi ọtí kíkan pa mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ mú. Ilé iṣẹ́ bàtà abẹ́lé ló ti ń rán bàtà títí wọ́n fi tì í pa, ilé ló ti ń rán tirẹ̀ tà báyìí. Ó wọn ẹsẹ̀ Clifford láìsọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

"Mi ò ní kí ẹ rán nǹkan fún mi."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ rán nǹkan? Ẹsẹ̀ yín ló tóbi, ìyanu ló jẹ́ fún mi."

Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ará ilé Hilary ló kù, Rodney àbúrò rẹ̀, tó ń ta mọ́tò ní Rochdale. Rodney fẹ́ kí wọ́n ta ilé náà. Ó ti fún Hilary di òpin oṣù kìíní: bí ilé kò bá gbóná, yóò kó wá sí yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ òun àti ìyàwó òun. Ó wá ní Sátidé kan kó tó di Kérésìmesì, ó bá Clifford nídìí páì.

"Ọ̀gbẹ́ni Sagar, ẹ jọ̀ọ́, ṣé páìpù lẹ ń wá ní ilé yìí ni àbí ìyàwó?"

"Rodney," ni Hilary wí.

"Mo kàn béèrè ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ń wá nǹkan fún oṣù kan gbáko, ó ti jókòó lé e lórí ni."

Clifford rẹ́rìn-ín díẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n Hilary kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ wá a tàbí ẹ má wá a, mo ti mọ ohun tí mo mọ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ló pa màmá wa. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá kú, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rántí rẹ̀ kí n tó sùn, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń gbàdúrà."

Rodney gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí Rodney lọ, Clifford wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí bọ́ílà wà, ó tú pátákó tí wọ́n fi bo àwọn páìpù ẹ̀yìn. Ojú páìpù náà hàn. Ó rí àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀. Páìpù méjì ló ń ti àjà wá, èyí tó ń gbé omi bọ̀ àti èyí tó ń tú ooru sílẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n wọlé sójú kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí póńpù sì wà níwájú àwọn méjèèjì. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí so ọ̀kan síwájú póńpù, ó so èkejì sẹ́yìn rẹ̀. Ìkánjú ni. Láti so wọ́n bó ṣe yẹ, ó ní láti ṣí ilẹ̀ pákó yàrá òkè, kò sì fẹ́ ṣí i.

Àṣà kan wà láàrin àwọn oníṣẹ́ wa. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́, wọ́n á fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àti ọjọ́ sára ògiri níbi tí onílé kò ní rí i láéláé, kí oníṣẹ́ tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ẹni tó ti kọjá níbẹ̀. Clifford yí tọ́ọ̀ṣì sí ògiri. Ó kà á. Ó tún un kà.

C. Sagar. Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejì, ọdún 1990.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn nínú ayé rẹ̀, ó ti sin ín. Ọ̀pọ̀ ilé ló ṣe ní ọdún náà fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, àwọn òpópónà wọ̀nyí sì jọra bí eyín. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi ilé ìdáná kún ẹ̀yìnkùlé. Orúkọ Lumb pọ̀ ní àfonífojì wa bí òjò. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí ó rántí àtẹ̀gùn náà, ó rántí yàrá òkè, ó sì rántí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ńlá tó dúró gan-an lórí ibi tó yẹ kí òun ṣí.

"Ṣé ẹ ti rí i?" Hilary pè láti ilé ìdáná.

Clifford la ẹnu. "Rárá," ni ohun tó jáde. "Kò tíì hàn."

Ó ti pátákó náà padà, ó sì lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ó mọ̀ pé òun lè tún iṣẹ́ náà ṣe láìsọ nǹkan kan. Aṣọ tútù kan ṣoṣo lè nu pẹ́ńsùlù kúrò lára ògiri. Hilary yóò gbóná, yóò sì fẹ́ràn òun, òun náà yóò máa bá ẹni tó ń ṣẹ́ èpè fún òun gbé láìjẹ́ pé ó mọ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ ti lọ fún ọdún mẹ́rìnlélógún ó ku díẹ̀. Òtítọ́ ti bá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó kù ni kí òun jẹ́ kó jáde.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò bọ́ kóòtù, kò sì jókòó sídìí páì.

"Ẹ wá wo nǹkan," ó wí fún Hilary.

Ó tú pátákó náà, ó na tọ́ọ̀ṣì sí i. Hilary tẹ̀ síwájú, ó kà á. Omi ń kán nínú páìpù kan.

"Bàbá yín ni?" ló béèrè níkẹyìn.

"Rárá."

"Ẹ̀gbọ́n yín."

"Èmi ni, Hilary."

Ó wò ó títí. Gbogbo ohun tó ti ń yọ́ lójú rẹ̀ láti oṣù kan padà dì.

"Ìwọ," ó wí. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ìwọ jókòó nídìí tábìlì mi, ò ń gbọ́ ohun tí mo ń sọ."

"Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀. Mo purọ́ fún ọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ní mi ò rí i. Ìyẹn ni mi ò lè rí ohunkóhun sọ sí."

"Gbé irinṣẹ́ ẹ."

Ó gbé e. Lẹ́nu ọ̀nà ó fi bébà kan sílẹ̀ lórí àga. Ó ti fi pẹ́ńsùlù ya páìpù ilé náà sí i, ó fi àmì sí ibi tí wọ́n máa gé àti ibi tí wọ́n máa so. "Bó bá wù ọ́, fún ẹlòmíràn. Ọmọ iṣẹ́ pàápàá lè fi èyí ṣe é. Kí ilé ṣáà gbóná."

Hilary ti ilẹ̀kùn.

Kérésìmesì kọjá. Clifford jẹ tirẹ̀ ní òun nìkan, bó ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Yìnyín bo orí òkè, ó bo ojú ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, lọ́sàn-án, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Hilary ni. Yìnyín wà ní èjìká rẹ̀. Kò jókòó.

"Ohun kan ni mo fẹ́ béèrè, mo sì fẹ́ kí o má purọ́. Ní ọjọ́ tí o ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ìyá mi wà nílé?"

"Ó wà nílé."

"Kí ló sọ fún ọ?"

Clifford di ẹ̀yìn àga mú. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ó ní òun máa kó aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù jáde, kí n lè sún un, kí n ṣí ilẹ̀ pákó. Ó ti kó díẹ̀. Aládùúgbò kan sáré wọlé, ó ní wọ́n pè láti ọsibítù Burnley. Jean ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó fẹ́ bímọ, oṣù kò tíì pé. Mo ní kí n kúkú so páìpù náà síbi tó wà, kí omi lè máa lọ. Ìyá yín wò mí. Ó mú kóòtù mi, ó wọ̀ ọ́ fún mi bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọdé. Ó ní, 'Máa lọ, jàre. Omi ń lọ, ó ti tó.' Mo ní màá padà wá ní Monday." Ó fi ẹ̀yìn àga náà sílẹ̀. "Monday la sin ọmọ náà. Ọ̀gá mi gbé mi lọ sí ilé míràn, mo sì jẹ́ kó gbé mi lọ. Mi ò padà. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí, ojú ń tì mí. Nígbà tó yá, mi ò rántí mọ́."

Hilary jókòó nígbà náà.

"Ọdọọdún ni mo ń bá a jà. Màá ní, 'Ẹ jẹ́ kí n pe ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí wọ́n wá tún un ṣe.' Á ní, 'Fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Ó ní ìbànújẹ́ tiẹ̀.' Mi ò mọ ọkùnrin wo. Mo rò pé ọpọlọ rẹ̀ ló ti ń rẹ̀ ẹ́." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ó mọ̀. Ó jókòó sínú òtútù, ó mọ ìdí rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n mọ̀."

"Ó yẹ kó pè mí. Ǹ bá wá."

"Ó yẹ kó pè ọ́. Ó yẹ kí o wá láìpè." Ó dìde. "Màmá mi ti dárí jì ọ́. Tiẹ̀ nìyẹn. Tèmi ò tíì dé. Mi ò mọ ìgbà tó máa dé."

"Mo gbọ́."

"Ṣùgbọ́n mi ò fi bébà yẹn fún ẹlòmíràn. Máa bọ̀ lọ́la. Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wá parí rẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní, Hilary fúnra rẹ̀ kó aṣọ ìyá rẹ̀ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ká wọn sórí ibùsùn. Láti ọjọ́ ìsìnkú kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Clifford dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi parí, kò sì kán an lójú. Lẹ́yìn náà wọ́n jọ sún kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ilẹ̀ pákó abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí.

Wọ́n ti fa omi ilé tán, kò sí ooru kankan níbẹ̀. Clifford dojú bolẹ̀ nínú yàrá náà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó gé páìpù, ó jó o pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń sán. Ní ọjọ́ kejì Hilary gbé tíì wá, ó gbé e sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó gbé e wá, ó sì jókòó sétí ibùsùn.

"Báyìí ni yàrá yìí ṣe máa ń tutù," ó wí.

"Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí."

"Ó máa ń ní òtútù kò mú òun. Ètè rẹ̀ á ti dúdú." Ó ti ife náà sún mọ́ ọn, ó ní, "Mu tíì ẹ kó tó di yìnyín. Mi ò pè ọ́ wá kí o wá kú sí mi lọ́rùn."

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó tan bọ́ílà. Wọ́n gun àjà pẹ̀lú ife omi. Póńpù kùn nísàlẹ̀. Omi inú ife dúró, kò mì. Wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò mì.

Ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Igi àtẹ̀gùn ń dún bó ṣe ń na ara. Hilary ń lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin kọ̀ọ̀kan, lókè, nísàlẹ̀. Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún ẹni tí ohun tó tọrọ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn tí ẹni tó tọrọ rẹ̀ fún ti lọ.

Clifford jókòó sí ìpele tó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i kí ó lè sunkún bó ṣe fẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó mọ̀ pé ọwọ́ kan wà lórí èjìká rẹ̀. Ọwọ́ náà wúwo. Ó sì gbóná.

"Má tíì lọ," ni Hilary wí.

Rodney wá ní òpin oṣù bó ti wí, ó bọ́ kóòtù, ó bọ́ súwẹ́tà, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ fi òun se ọbẹ̀ ni. Kò sọ̀rọ̀ títa ilé mọ́. Nígbà tí Hilary sọ fún un ẹni tí Clifford jẹ́, ó bínú, ó dìde, ó rìn yí yàrá ká.

"Ìwọ wá ń fún un ní páì?"

"Mò ń fún un ní páì."

"Hilary, kí ni màmá máa sọ?"

"Ó ti sọ ọ́, Rodney. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ń sọ ọ́, àwa ni a ò gbọ́."

Clifford ń wá ní Sátidé, kò gbé irinṣẹ́ mọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí Hilary kì í lè wojú rẹ̀; á rán bàtà rẹ̀ títí, á ní kó máa lọ sílé. Á lọ. Ní Sátidé mìíràn á tún wá. Kò bẹ̀ ẹ́ kó yára. Ó mọ̀ pé ohun tó ti jẹra láti inú kì í tán ní ọjọ́ kan.

Ní oṣù kẹrin, òjò ń rọ̀ wínniwínni, Hilary ní kó mú òun lọ síbi tí Jean wà. Wọ́n gun òkè lọ sí ibojì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti orí pápá. Òkúta náà kéré, ó dúdú bí gbogbo òkúta wa. Orúkọ Jean ló wà lórí rẹ̀, àti ọdún ìbí àti ọdún ikú rẹ̀.

"Ọmọ náà ńkọ́?" Hilary béèrè. "Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

"Níbí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí Jean wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà yẹn, wọ́n ní ọmọ tí kò mí, kò pọn dandan kéèyàn kọ ọ́ sí ibì kankan."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Clifford wo òkúta náà. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní ìbéèrè yẹn rí, Jean nìkan ló mọ orúkọ náà, Jean sì ti lọ.

"Marian," ó wí.

"Marian," Hilary tún un pè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí ọmọ náà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó fi ìka kan àyè tó ṣófo lábẹ́ orúkọ Jean. "Àyè wà. Ká jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbí kí ìgbéyàwó tó dé."

Clifford yíjú sí i. "Ìgbéyàwó wo?"

"Èyí tí o ń bẹ̀rù láti béèrè láti oṣù méjì. Ṣé kí n máa dúró títí di ọdún mẹ́rìnlélógún mìíràn ni?"

Ó mi orí pé rárá, òjò sì ń ṣàn lójú rẹ̀, tàbí ohun mìíràn. Hilary di apá rẹ̀ mú, wọ́n sì dúró níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀, kí wọ́n tó jọ sọ̀kalẹ̀ lọ wá ẹni tó ń gbẹ́ òkúta.